Wọ́n ní kí n fi irin ṣe ilé sẹ́yìn Hilux mi: ṣé yóò gbé e?

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Òrò ni mí, Tankẹ́ ní Ìlọrin ni mò ń gbé. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò ní ọ́fíìsì tí mò ń lọ. Bàbá mi fi Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin kan sílẹ̀ fún mi, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì dáa. Owó ilé tí mo san máa pé ní oṣù Kẹta. Mo fẹ́ kan yàrá kékeré sẹ́yìn ọkọ̀ náà, kí n kó sínú rẹ̀ pátápátá, kí n máa rìn káàkiri. Mo rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àwọn òyìnbó ń ṣe é lówó pọ́ọ́kú. Mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ náírà ni mo ní. Wẹ́dà tí mo bá sọ̀rọ̀ ní irin ni kí n fi ṣe é látòkè délẹ̀, pé pákó á jẹrà. Àfẹ́sọ́nà mi ní orí mi ti dàrú. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ṣeé ṣe?"

Àbúrò mi, orí rẹ ò dàrú. Láyé àwọn bàbá wa, káfíńtà ló ń kan ara bọ́lẹ̀kájà láti ilẹ̀ dé òrùlé. Ẹ́ńjìnnì àti ṣáṣíì ló ń ti òkè òkun dé, inú ibẹ̀ náà sì ni awakọ̀ àti ọmọ ọkọ̀ ń sùn bí ilẹ̀ bá ṣú bá wọn lọ́nà. Yàrá pákó lórí táyà kì í ṣe ohun àjèjì nílẹ̀ yìí. Èmi fúnra mi ti kan mẹ́ta, mo sì gbé inú ọ̀kan fún oṣù mọ́kànlá gbáko. Ohun tó bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni ìmọ̀ràn wẹ́dà yẹn, torí òun gan-an ni mo gbà nígbà tèmi.

O bi mí ní irin àbí pákó, o sì fẹ́ mọ̀ bóyá owó rẹ tó. Fi méjèèjì sílẹ̀ ná, kílò ni ká kọ́kọ́ sọ. Ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, kí o wo ara òpó rẹ̀: wọ́n sábà máa ń lẹ àwo kékeré kan mọ́bẹ̀ tó sọ ìwúwo tí ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ kọjá, tọkọ̀, tèrò, tepo, tẹrù. Bó bá ti pa rẹ́, wàá bá a nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún irú ọkọ̀ náà. Lẹ́yìn ìyẹn, rọ epo kún táǹkì, wa ọkọ̀ lọ síbi tí àwọn tó ń ra irin àlòkù ti ń wọn ọkọ̀ ẹrù, kí wọ́n bá ọ wọ̀n ọ́n lófìfo. Yọ èyí kúrò nínú ti àkọ́kọ́. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni owó tí o ní gan-an. Kílò ni wọ́n fi ń kà á, kò sì síbi tí wọ́n ti ń yáni sí i.

Lára ọ̀pọ̀ Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin, ohun tó ń ṣẹ́kù yìí máa ń dín díẹ̀ sí tọ́ọ̀nù kan. Ká ní tìrẹ jẹ́ 850. Ìwọ àti ẹni tó bá jókòó tì ọ́, 140. Omi lítà 80, kílò 80 ni, torí lítà omi kan, kílò kan ni. Bátìrì, páànẹ́lì sólà, sílíńdà gáàsì àti tìmùtìmù, fi wọ́n sí 80. Oúnjẹ, aṣọ, ìkòkò, kọ̀ǹpútà, jáàkì, irinṣẹ́ àti àwọn pálapàla tí èèyàn kì í kà sí ẹrù, 120. Ó ti di 420 ká tó kan ìṣó kan. Má sì jẹ èyí tó kù tán. Fi 130 sílẹ̀ fún títì wa, torí ọkọ̀ tó gbé ẹrù dé góńgó tó wá já sí kòtò, ohun tó ń lu sípíríǹgì rẹ̀ lákòókò yẹn ju ìwúwo tí o wọ̀n lọ dáadáa. Àpótí fúnra rẹ̀, ìyẹn yàrá tí o fẹ́ kàn, bó ṣe wà lófìfo, kò gbọdọ̀ ju kílò 300 lọ.

Wàyí o, jẹ́ ká ṣe ìṣirò ti wẹ́dà. Ṣíìtì irin kan, ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8, tó nípọn mìlímítà kan ààbọ̀, wúwo tó kílò 35. Àpótí tó ní ibùsùn lókè kábìn yóò jẹ tó ṣíìtì 6, ìyẹn 210. Páìpù onígun mẹ́rin tí wọ́n fi ń ṣe egungun rẹ̀ lè jẹ 130 mìíràn. Ó ti di 340, kò sì tíì sí fèrèsé, kò sí ibùsùn, kò sí ibi tí o máa gbé síbí sí. Wẹ́dà rẹ ò purọ́ pé pákó ń jẹrà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó mọ̀ ni kọ̀ńténà ìsọ̀ tí wọ́n ń gbé sétí títì fún àwọn onífóònù àti àwọn oníPOS, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sì ń fẹ́ lára ìyẹn ni kí olè má lè gbé e. Tìrẹ, gbígbé ni a fẹ́ gbé e.

Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, ẹ̀yìn 504 pick-up ni, lọ́dún 2011. Irin ni látòkè délẹ̀. Mo gbé dúrọ́ọ̀mù búlúù tó ń gba omi lítà 200 sí ìdí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kó lè rọrùn láti bù. Láti Gànmọ̀ ni mo ti ń rí i pé ìdarí fúyẹ́ lọ́wọ́ mi, tí àwọn tó ń bọ̀ níwájú sì ń ṣẹ́ iná sí mi pé tèmi ń wọ̀ wọ́n lójú. Mo ní bóyá afẹ́fẹ́ táyà ni. Mo kọjá Àjàṣẹ́-Ìpo, mo forí lé ọ̀nà Òrò, mo já sí kòtò kan tí kò tilẹ̀ jinlẹ̀. Mo gbọ́ gbàù lábẹ́ mi, ọkọ̀ fì sápá ọ̀tún, kò sì fì padà. Bíléèdì sípíríǹgì méjì ti ṣẹ́. Fọ́gánáísà kan tó wà nítòsí rìn yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ìka kan ògiri irin náà kó-kó-kó, ó ní, "Alàájì, ta lẹ fẹ́ tì mọ́ inú ibí?" Nígbà tí wọ́n bá mi wọn àpótí náà ní Ìlọrin, kílò 610 ni, lófìfo. Mi ò lè bá ẹni tó jó o jà. Èmi ni mo ní kó lágbára.

Kì í ṣe ìwúwo yẹn nìkan ló ṣe mí, ibi tí mo gbé e lé wà níbẹ̀. O mọ bí àwọn ọmọdé ṣe ń ṣe jáńgílọ́fà lórí pákó: ẹni tó bá wúwo tó tún jókòó sí ìpẹ̀kun, òun ló ń gbé ẹnìkejì sókè. Táyà ẹ̀yìn ni àárín pákó náà. Ohunkóhun tí o bá gbé kọjá táyà ẹ̀yìn, iwájú ọkọ̀ ló ń gbé sókè, iwájú náà sì ni ìdarí àti èyí tó pọ̀ jù nínú bíréèkì wà. Nítorí náà, omi, bátìrì àti irinṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ pátápátá, kí wọ́n fara ti ẹ̀yìn kábìn, níwájú táyà ẹ̀yìn. Lókè, ibùsùn àti aṣọ nìkan. Ìwọ náà ti rí agbégilódò tó dojú dé rí. Ẹrù tó ga ju bó ṣe yẹ ló sábà máa ń ṣe é tó bá dé kọ́nà.

Kí wá ni kí o fi kàn án? Egungun rẹ̀, pákó afàrà tó ti gbẹ, tí wọ́n là sí íǹṣì méjì sí íǹṣì kan ààbọ̀. Má jẹ́ kí wọ́n ta ìrókò fún ọ pé òun ló ń pẹ́. Ó ń pẹ́ lóòótọ́, ó sì wúwo. Inú, pùláíwúùdù mìlímítà 6, ẹyọ kan ò ju bíi kílò 10 lọ. Ìta, páànù alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ, irú èyí tí wọ́n fi ń kan òrùlé, tó jẹ́ pé gbogbo ara àpótí náà kò ní jẹ ju nǹkan bíi kílò 30 lọ. Láàárín méjèèjì, fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifísàn nínú páálí, kí ooru má baà wọlé tààrà. Àwọn ará Amẹ́ríkà kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń fi fóòmù líle nìkan ṣe ògiri, wọ́n á lẹ kanfáàsì mọ́ ọn, wọ́n á fi ọ̀dà ilé kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀mẹrin. Ó fúyẹ́ bí ìyẹ́, bóyá fídíò yẹn gan-an lo wò. Fóòmù líle tí wọ́n ń lò kọ́ ni èyí tí wọ́n ń tà fún wa níbí. Tiwa ń rún, nítorí náà a nílò egungun pákó.

Àtijẹrà pákó, ibi tí omi ti ń wọlé ló ń fà á. Etí pùláíwúùdù ló ń mu omi bí òwú, nítorí náà fi ọ̀dà olóròóró kun gbogbo etí kí o tó kàn án, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Kí páànù òkè máa gun orí ti ìsàlẹ̀ bíi páànù ilé, kí ibi tí wọ́n ti pàdé kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà tí ọkọ̀ ń lọ, torí òjò tó ń bọ̀ níwájú ọkọ̀ tó ń sáré yàtọ̀ sí òjò tó ń rọ̀ sórí ilé. Bí o bá parí, jókòó sínú rẹ̀, ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ, kí ẹnì kan máa fi họ́ọ̀sì da omi lù ú láti gbogbo ìhà fún ogún ìṣẹ́jú. Máa fi tọ́ọ̀ṣì wo igun kọ̀ọ̀kan àti ìdí rívẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tó bá ń sun. Tèmi sun níbi mẹ́sàn-án lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Òjò tòótọ́ ì bá ti bá mi lójú oorun.

Ooru ńkọ́? O mọ oṣù Kẹta ní Ìlọrin, kò yẹ kí n sọ fún ọ. Fi ọ̀dà funfun kun òrùlé. Gbé páànẹ́lì sólà sókè díẹ̀ kúrò lára òrùlé, bí ìbú ìka mẹ́rin, kó lè ṣíji bò ó kí atẹ́gùn sì máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Dá fèrèsé sí ìsàlẹ̀ apá kan àti sí òkè apá kejì, torí ooru ń gòkè. Bó bá ríbi jáde lókè, yóò máa fa tútù wọlé nísàlẹ̀. Àwọ̀n ẹ̀fọn sí gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù, gbàgbé rẹ̀.

Ti iná, oníkọ̀ǹpútà ni ọ́, nítorí náà ṣírò rẹ̀ dáadáa. Páànẹ́lì wáàtì 200 lè fún ọ ní bíi wáàtì-wákàtí 700 lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú. Lọ́jọ́ òjò tàbí nígbà ọyẹ́ tí eruku bo ojú rẹ̀, o lè má rí ìdajì. Fáànù kékeré oníwáàtì 20 fún wákàtí mẹ́wàá jẹ́ 200. Kọ̀ǹpútà àgbélétan oníwáàtì 50 fún wákàtí mẹ́fà jẹ́ 300. Gílóòbù àti fóònù, 60. Ó tó ọ, ṣùgbọ́n kò sí àyè fún fíríìjì níbẹ̀. Bátìrì olómi 100Ah (nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí iná tó lè gbà ṣe pọ̀ tó), ìdajì rẹ̀ ló yẹ kí o máa lò kó má baà tètè kú. Ti líthíọ̀mù tó tóbi bákan náà wọ́n ju ìyẹn lọ dáadáa, ṣùgbọ́n o lè lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò sì tó ìdajì ìwúwo ti olómi. Má fa iná yàrá láti ara bátìrì tí ọkọ̀ fi ń dáná. Rewáyà rẹ á sọ fún ọ pé kò sí wàhálà tí kò bá fi fíúsì. Wàhálà wà. Inú pákó lo fẹ́ sùn. Kí fíúsì wà lórí wáyà náà kó tó jìnnà ju ìbú ọwọ́ kan sí bátìrì.

Ọ̀rọ̀ iná ìdáná ni mi ò ní bá ọ ṣeré lé lórí. Gáàsì tí a fi ń dáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, bó bá ń jò, ilẹ̀ ló ń tẹ́ sí, kò ní gba fèrèsé jáde. Lu ihò méjì sí ilẹ̀ àpótí lẹ́bàá ibi tí sílíńdà wà, tàbí kí o ṣe ilé kékeré fún un tí ó kọjú síta. Èédú, láéláé, má gbé e wọ inú àpótí, kódà nígbà ọyẹ́ tí òtútù bá ń mú ọ, kódà kó ti di ẹ̀yinná tí kò rú èéfín mọ́. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára rẹ̀ kò ní òórùn, ojú ò rí i, ẹni tó bá sùn sínú rẹ̀ kì í jí. Bákan náà ni jẹnẹrétọ̀. Èmi, abẹ́ táápólì níta ni mo ti ń se oúnjẹ, bí òjò bá rọ̀, gààrí.

Ibi tí ẹ̀tàn fídíò wọ̀nyẹn wà jù lọ, ọ̀rọ̀ ibi sísùn ni. Ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ilẹ̀ ìjọba wà lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, wọ́n sì gbà kí èèyàn gbé ọkọ̀ dúró kó sùn lọ́fẹ̀ẹ́, ó sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ 14 kó tó di pé ó gbọ́dọ̀ ṣí kúrò. Níbí, kò sí ilẹ̀ tí kò lólówó, àjèjì tó bá sì sùn sí etí igbó, wọ́n á bi í léèrè ohun tó ń wá. Ó tún wá ju ìyẹn lọ nísinsìnyí. Ìwọ náà ń gbọ́ ohun tí àwọn ajínigbé ń ṣe láwọn ọ̀nà inú igbó ní Ìfẹ́lódùn, Ìsin àti Èkìtì lápá ọ̀dọ̀ wa. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún ọ pé kí o lọ gbé ọkọ̀ sùn létí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ omi Òwu, má dá a lóhùn. Lọ wò ó lọ́sàn-án, pẹ̀lú ọmọ ìlú, kí o sì padà. Ìrìn àjò mi, láti aago méje àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, mo sì máa ń kọ́kọ́ dé gáréèjì láti bi àwọn awakọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà náà dé. Ilé epo tó ní ọdẹ, ọgbà ilé ìtura, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí, iwájú ààfin, ibẹ̀ ni mo ti ń sùn. Nígbà tí mo lọ wo àwọn ère òkúta ní Èsìẹ́, nílé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, mo kọ́kọ́ yà kí àwọn àgbà. Wọ́n fún mi ní ọgbà, wọ́n fún mi ní omi kànga, ìyá kan sì gbé àmàlà wá. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ wẹ́wẹ́ bí ogún ti tò sẹ́yìn ọkọ̀ láti wo ibi tí mo ń gbé bàfù sí. Kò sí bàfù. Korobá onídèérí ni, pẹ̀lú ìyẹ̀fun pákó láti ilé ìlagi, èèyàn á gbẹ́ ilẹ̀ bò ó. Sọ èyí fún àfẹ́sọ́nà rẹ kí o tó sọ ti ìrìn àjò.

Ẹ̀yìn Hilux rẹ kò ju bíi mítà kan ààbọ̀ lọ ní gígùn, o ò lè na ẹsẹ̀ sínú rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́ ni ibùsùn orí kábìn tí mo ti ń sọ bọ̀. Èkejì ni kí o fi Hilux yìí pààrọ̀ onílẹ̀kùn méjì, tí ẹ̀yìn rẹ̀ lé ní mítà méjì, kí àpótí rẹ lè rẹlẹ̀ kó sì fúyẹ́. Bí kì í bá ṣe ti bàbá rẹ ni, ohun tí màá ní kí o ṣe nìyí. Ẹ̀kẹta ni Hiace tokunbọ, èyí tí ara rẹ̀ ti wà tẹ́lẹ̀, tí òjò kò ní wọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ pé èèyàn ń sùn nínú rẹ̀. Fún gbígbé ojoojúmọ́, Hiace ló rọrùn jù. Kì í ṣe ọkọ̀ ọ̀nà oko ṣá, àtirà rẹ̀ kò sì sí nínú mílíọ̀nù méjì ààbọ̀.

Mi ò ní kọ iye ohun kọ̀ọ̀kan, torí kí o tó kà á tán, ọjà á ti yí i padà. Ìdá mẹ́ta owó rẹ ni kí o pín: kí ìdá kan lọ sórí táyà, bíréèkì, ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì kí ẹnikẹ́ni tó gé pákó. Táyà tokunbọ, wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú àmì ara rẹ̀; 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019, bó ti wù kó dán tó. Ìdá kejì fún àpótí àti iná. Ìdá kẹta, má fọwọ́ kàn án, owó tí wàá fi gba yàrá nìyẹn bí ayé inú ọkọ̀ bá sú ọ. Má retí pé yóò dín owó kù púpọ̀, torí epo yóò gba púpọ̀ nínú ohun tí onílé ń gbà tẹ́lẹ̀. Má jó àpótí mọ́ ọkọ̀. Bóòtù mẹ́fà tó wọ ṣáṣíì ni kó dì í mú, kí o lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà tí o bá fẹ́, kí o sì bi àwọn VIO ohun tí wọ́n fẹ́ kó wà nínú ìwé ọkọ̀ kí o tó kàn án.

Èmi nìkan ni mo gbé inú tèmi. Mi ò gbé ìyàwó síbẹ̀ rí, mi ò sì tọ́ ọmọ nínú rẹ̀, nítorí náà lórí èèyàn méjì nínú yàrá tí kò fẹ̀ ju ibùsùn lọ, àfẹ́sọ́nà rẹ ni kí o gbọ́ràn sí lẹ́nu, kì í ṣe èmi. Kí oṣù Kẹta tó dé, ju tìmùtìmù sẹ́yìn Hilux náà, sọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kalẹ̀, ta táápólì lé e, kí o sùn síbẹ̀ fún òru mẹ́wàá nínú ọgbà ilé rẹ ní Tankẹ́. Ìyẹn kò ní ná ọ ju owó táápólì lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, wa ọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn irin, kí o kọ nọ́ńbà tí wọ́n bá kà fún ọ ránṣẹ́ sí mi, kí o tó fún wẹ́dà yẹn ní kọ́bọ̀.